DXA tàbí CT: Èwo Ni Kí Á Yàn Láti Wọn Kíki Eegun?

Osteoporosis, àrùn tí ń jẹ eegun láti inú wá títí eegun yóò fi di ẹlẹgẹ́, kì í kan ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé. Kì í dunni, kì í wú, kì í mú ara gbóná. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ̀ pé ó wà lára àwọn títí di ọjọ́ tí wọ́n yọ̀ ṣubú lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ tí ìbàdí wọn kán, tàbí títí àwọn ọmọ yóò fi ṣàkíyèsí pé màmá ti ń kúrú, ẹ̀yìn wọn sì ti ń tẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi ń wá ọ̀nà láti wọn bí eegun ṣe ki tó kí ó tó kán. Ẹ̀rọ méjì ni ọ̀rọ̀ náà sábà máa ń dá lé lórí: DXA, tí wọ́n dìídì ṣe fún wíwọn eegun, àti CT, tí ilé ìwòsàn ń lò fún gbogbo ara láti orí dé ẹsẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni CT fi ń wọn eegun, ó sì yẹ kí á yà wọ́n sọ́tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àlàyé ti máa ń dojú rú. Èkíní ni QCT, èyí tí wọ́n ń ṣe nítorí eegun gan-an, pẹ̀lú ohun ìwọ̀n àti ètò kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Èkejì ni CT tí ènìyàn ti ṣe nítorí àìsàn mìíràn, bóyá òkúta inú kíndìnrín tàbí jẹjẹrẹ, tí dókítà wá padà wo eegun inú àwòrán kan náà láìtún fi aláìsàn sábẹ́ ẹ̀rọ. Èrò tèmi nìyí kí n tó máa tú u palẹ̀: bí ẹ kò bá tíì ṣe CT kankan, tí DXA sì wà ní ibi tí ẹ lè dé, DXA ni kí ẹ kọ́kọ́ yàn, ṣùgbọ́n bí CT àyà tàbí ti ikùn bá ti wà nílẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tì í sínú fáìlì láìwo eegun inú rẹ̀.

Ohun tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń wọ̀n

DXA, tí ó dé ọjà ní ọdún 1987, ń lo ìtànṣán X-ray oríṣi méjì tí agbára wọn kò dọ́gba. Bí wọ́n ṣe ń gba inú ara kọjá ni eegun ń dá wọn dúró ju bí ẹran ara ti ń ṣe lọ, inú ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì sì ni kọ̀ǹpútà ti ń ṣírò iye èròjà líle tí ó wà nínú eegun. Àwòrán pẹlẹbẹ ni ó ń yà, nítorí náà kò mọ bí eegun náà ṣe nípọn tó láti iwájú dé ẹ̀yìn. Gíráàmù lórí sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin, g/cm², ni èsì rẹ̀ fi ń jáde. Ẹni tí eegun rẹ̀ tóbi lè tipa bẹ́ẹ̀ dà bí ẹni tí eegun rẹ̀ ki ju bí ó ti yẹ lọ, kí ti ẹni kúkúrú tí ara rẹ̀ kéré sì dà bí èyí tí kò ki tó. Eegun ẹ̀yìn mẹ́rin tó wà ní ìsàlẹ̀, L1 sí L4, àti òkè eegun itan níbi tí ó ti wọ ìbàdí, ni wọ́n sábà máa ń wọ̀n. Bí ìwọ̀nyí kò bá ṣeé wọ̀n, wọ́n á lo eegun apá.

Iye tí ó bá jáde ni wọ́n ń fi wé ti ọ̀dọ́bìnrin tí eegun rẹ̀ wà ní pípé, ìyàtọ̀ àárín wọn ni wọ́n sì ń pè ní T-score. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ni ó fi ààlà lélẹ̀ ní ọdún 1994: láti -1 sókè kò ní ìṣòro, láàárín -1 àti -2.5 eegun ti ń dín kù, láti -2.5 lọ sísàlẹ̀ ni osteoporosis. Àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ti dáwọ́ dúró àti àwọn ọkùnrin tí ó ti pé ẹni ọdún 50 ni ààlà yìí wà fún. Fún ẹni tí ó kéré sí bẹ́ẹ̀, Z-score, tí í fi ènìyàn wé ẹgbẹ́ rẹ̀, ni kí ẹ wò, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni torí nọ́ńbà yẹn nìkan sọ pé ọ̀dọ́ kan ti ní àrùn.

QCT yàtọ̀ láti ìpìlẹ̀. Chris Cann àti Harry Genant ní Yunifásítì Kalifọ́níà ní San Francisco wà lára àwọn tí ó là á sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1980. Nítorí pé CT ń gé ara wò ní ìpele-ìpele, ó lè ya èèpo líle tí ó bo eegun lẹ́yìn sọ́tọ̀ kúrò lára apá inú tí ó ní ihò tín-ín-tìn-ìn-tín bí afárá oyin. Apá inú yìí ni ara ń wó tí ó sì ń tún kọ́ jù, ibẹ̀ náà ni àdánù ti kọ́kọ́ máa ń hàn nígbà tí nǹkan oṣù bá dáwọ́ dúró tàbí tí ènìyàn bá ń lo oògùn bíi prednisolone fún ìgbà pípẹ́. DXA ń lu èèpo àti inú pọ̀ mọ́ra wọn. QCT ń mú inú nìkan, ó sì ń sọ ọ́ ní mílígíráàmù lórí sẹ̀ǹtímítà oníhà mẹ́ta, mg/cm³. Kí nọ́ńbà náà lè dúró ṣinṣin, wọ́n máa ń tẹ́ ohun ìwọ̀n kan sábẹ́ ẹ̀yìn aláìsàn, èyí tí wọ́n ti mọ iye èròjà tí ó wà nínú rẹ̀, kí kọ̀ǹpútà lè fi eegun wé e.

Lọ́dọ̀ QCT, ohun tí ó bá ju 120 mg/cm³ lọ ní eegun ẹ̀yìn dára, láti 120 sí 80 ti ń dín kù, ohun tí kò bá tó 80 ni osteoporosis. Ìlànà ẹgbẹ́ àwọn dókítà àwòrán ní Amẹ́ríkà, ACR, nìyẹn. Ẹ kíyè sí i pé n kò dárúkọ T-score. Ètò kọ̀ǹpútà kan máa ń tẹ T-score jáde fún eegun ẹ̀yìn nínú èsì QCT, ṣùgbọ́n bí a bá fi -2.5 ti WHO dá a lẹ́jọ́, àwọn ènìyàn púpọ̀ tí kò ní àrùn ni a ó pè ní aláìsàn, nítorí pé apá inú eegun ń yára dín kù pẹ̀lú ọjọ́ orí ju gbogbo eegun lápapọ̀ lọ. Ti ìbàdí tí wọ́n bá fi CT wọ̀n lọ́nà tí ó bá ti DXA mu ni a lè fi ìlànà WHO kà.

Ibi tí DXA ti lè ṣini lọ́nà

Ká ní èsì obìnrin ẹni ọdún 72 kan ló wà níwájú wa: L1 rẹ̀ jẹ́ -2.6, L2 jẹ́ -2.4, L3 jẹ́ -0.7, L4 jẹ́ -0.3, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ -1.4. Ẹni tí ó bá fojú wo àpapọ̀ nìkan á ní kí màmá máa lọ sílé, kò sí ewu. Ṣùgbọ́n eegun ẹ̀yìn kan kì í dédé le tó bẹ́ẹ̀ ju èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ti gbó, eegun kéékèèké ti hù sí etí oríkèé, DXA sì ka gbogbo rẹ̀ mọ́ eegun gidi. Ìlànà ni pé kí wọ́n yọ eegun tí T-score rẹ̀ bá fi ju 1 lọ yàtọ̀ sí ti alábàágbé rẹ̀ kúrò nínú ìṣirò. Bí a bá yọ L3 àti L4, L1 àti L2 nìkan ló kù, iye wọn sì di -2.5. Obìnrin kan náà ni, ìwé kan náà ni, ìdájọ́ ti yí padà. Mo rọ̀ yín pé kí ẹ máa béèrè fún ojú ewé tí wọ́n ti to eegun kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ má gba gbólóhùn ìparí nìkan.

Irú àṣìṣe yìí pọ̀ lára àgbàlagbà. Òpó iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tí ó gba iwájú ọ̀pá ẹ̀yìn kọjá lè ti le bí òkúta, DXA á sì kà á mọ́ eegun. Eegun ẹ̀yìn tí ó ti rún, tí ó sì ti wọ́ mọ́lẹ̀, á dà bí èyí tí ó ki dáadáa, nítorí pé èròjà tí ó yẹ kí ó wà ní ààyè gígùn ti fún pọ̀ sí ààyè kékeré. Bí òṣìṣẹ́ tí ń ya àwòrán kò bá yí ẹsẹ̀ sínú bí ó ti yẹ, iye ti ìbàdí kì í péye. Irin tí wọ́n fi sí ìbàdí tàbí ẹ̀yìn ń ba ìwọ̀n ibẹ̀ jẹ́, ẹni tí ó sanra púpọ̀ lè kọjá ohun tí tábìlì ẹ̀rọ lè gbà, bí ẹnìkan bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ mu báríọ́ọ̀mù tàbí gba contrast, oògùn tí ń mú kí inú ara hàn kedere, fún àwòrán mìíràn, ó yẹ kí ó dúró fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì.

Lọ́dọ̀ tiwa, ó yẹ kí á mẹ́nu ba àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Bí mùdùnmúdùn inú eegun ṣe ń fẹ̀ láti pèsè ẹ̀jẹ̀ ni apá inú eegun ń fẹ́lẹ́. Síbẹ̀, ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́ tí eegun ti kú lè wá le ju bó ti yẹ lọ, kí orí eegun itan sì ti bàjẹ́ nígbà èwe tàbí kí wọ́n ti fi irin pààrọ̀ rẹ̀. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà DXA kò tó ohun tí a ń fọkàn tán láìjẹ́ pé dókítà wo àwòrán eegun fúnra rẹ̀.

Níhìn-ín ni CT ti yẹ ní yíyàn. Ohun tí ó bá hù sí etí oríkèé tàbí tí ó le lójú iṣan ẹ̀jẹ̀ kò kan ìwọ̀n rẹ̀, nítorí pé inú eegun gan-an ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Fún ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ tàbí tí ó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́, fún ẹni tí oríkèé ẹ̀yìn rẹ̀ ti gbó gan-an, àti fún ẹni tí ara rẹ̀ tóbi tàbí kéré jù, QCT ń sọ òótọ́ tí DXA kò lè sọ. Bí ó bá jẹ́ ìbàdí ni ẹ̀rù ń bani, DXA tí a ṣe dáadáa kò kéré sí i rárá.

CT tí ó ti wà nílẹ̀

Godfrey Hounsfield, ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ CT fún ilé iṣẹ́ EMI ní Britain, tí wọ́n fi yàwòrán aláìsàn àkọ́kọ́ ní ọdún 1971, tí òun àti Allan Cormack sì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1979, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe òṣùwọ̀n tí gbogbo CT ń lò. Lórí òṣùwọ̀n Hounsfield, HU, omi jẹ́ 0, afẹ́fẹ́ jẹ́ -1000, eegun sì wà lókè. Ìyẹn ni pé gbogbo CT ikùn tí wọ́n ti ṣe rí ló ní nọ́ńbà eegun nínú, yálà ẹnìkan kà á tàbí kò kà á.

Kíkà rẹ̀ kò gba ju ìṣẹ́jú kan lọ. Dókítà á ṣí àwòrán láti ẹ̀gbẹ́, á wá eegun tí ó ní ìhà kẹ́yìn, á sì sọ̀ kalẹ̀ sí èyí tí ó tẹ̀ lé e, L1. Á wá lọ sí ibi tí wọ́n ti gé àárín eegun náà, á fa òbìrí kan sí inú apá oníhò-hò, síwájú díẹ̀, kí ó má kan èèpo líle, kí ó má sì kan ibi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ti wọlé lẹ́yìn. Nọ́ńbà á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òbìrí náà lójú ẹsẹ̀.

Perry Pickhardt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Wisconsin tẹ ìwádìí kan jáde ní ọdún 2013 lórí àgbàlagbà 1,867 tí wọ́n ṣe CT ikùn àti DXA láàárín oṣù mẹ́fà síra wọn. Bí L1 bá wà lókè 160 HU, ó ṣòro kí osteoporosis wà níbẹ̀. Bí ó bá wà nísàlẹ̀ 110 HU, ó ṣòro kí ó má sí. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù nínú ìwádìí náà ni pé, nínú 119 tí eegun ẹ̀yìn wọn ti rún gan-an, 62 ni DXA kò pè ní aláìsàn osteoporosis. Ju ìdajì lọ! Eegun ti rún, ẹ̀rọ ṣì ń sọ pé kò tíì burú tó bẹ́ẹ̀.

Àléébù wà lára ọ̀nà yìí náà. Contrast tí wọ́n gún sí iṣan máa ń gbé HU eegun sókè díẹ̀. Agbára tí wọ́n fi ya àwòrán tún ní tirẹ̀: 120 kVp ni wọ́n fi ṣe àwọn ààlà tí mo dárúkọ, bí ilé ìwòsàn bá sì lo èyí tí ó kéré sí i, HU á ga sí i. Nọ́ńbà tí ó wà láàárín 110 àti 160 kò dá ẹjọ́ kankan. Ẹ kà á sí ìkìlọ̀ tí ó yẹ kí ó gbé yín lọ sídìí DXA, kí ẹ má ṣe kà á sí èsì tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ oògùn. Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ bí àwòrán láti ẹ̀gbẹ́ bá fi hàn pé eegun ẹ̀yìn kan ti rún láìjẹ́ pé aláìsàn ní ìjàǹbá. Ìyẹn nìkan tó ohun tí dókítà lè gbé ìtọ́jú kà lórí.

Ìdí tí ìwé èsì kì í fi mẹ́nu kan eegun kò ṣòro. Dókítà tí ó kọ ìwé ránṣẹ́ béèrè nípa kíndìnrín, ẹni tí ó ka àwòrán sì dáhùn nípa kíndìnrín. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ti eegun gbọ́dọ̀ béèrè, kí ó sì tọ́jú àwòrán orí díìsìkì, nítorí pé kò sí bí a ṣe lè wọn HU lára fíìmù tí wọ́n tẹ̀.

Ìtànṣán, owó àti ibi tí ẹ̀rọ wà

Ní ti ìtànṣán, ìfiwéra kò le. DXA ẹ̀yìn àti ìbàdí sábà máa ń wà láàárín 0.001 sí 0.01 mSv, òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ìtànṣán tí ara gbà. QCT lè kéré sí 1 mSv, ó sì lè tó nǹkan bí 3, ní ìbámu pẹ̀lú bí wọ́n ṣe ṣe é. CT ikùn lápapọ̀ máa ń tó 8 sí 10. Ìtànṣán tí ilẹ̀, afẹ́fẹ́ àti ojú ọ̀run ń fún ènìyàn lọ́dọọdún jẹ́ nǹkan bí 2.4 mSv ní ìpíndọ́gba káàkiri àgbáyé. Nítorí náà, n kò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi gbọ́dọ̀ ṣe CT ikùn lódindi nítorí eegun nìkan. Bí CT náà bá ti wáyé nítorí ohun mìíràn, a ti san owó ìtànṣán yẹn tán, kíkà eegun inú rẹ̀ kò fi nǹkan kan kún un. Obìnrin tí ó lóyún tàbí tí ó fura sí i gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí ó tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ èyíkéyìí nínú wọn.

Ní ti ibi tí wọ́n wà, ayé kò dọ́gba. Ní Nàìjíríà, CT wà ní àwọn ilé ìwòsàn olùkọ́ni àti ní ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò aládàáni nínú àwọn ìlú ńlá, ṣùgbọ́n DXA ṣọ̀wọ́n. Ìdí nìyẹn gan-an tí CT tí ó ti wà nílẹ̀ fi wúlò fún wa ju bó ṣe wúlò fún àwọn tí DXA wà ní gbogbo òpópónà wọn. QCT tún jẹ́ nǹkan mìíràn: níní CT kò túmọ̀ sí níní ohun ìwọ̀n àti ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀, nítorí náà ẹ béèrè lórí fóònù kí ẹ tó wọkọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìgbìmọ̀ USPSTF ní kí gbogbo obìnrin tí ó ti pé ọdún 65 ṣe àyẹ̀wò eegun, pẹ̀lú àwọn tí ó kéré sí i tí nǹkan oṣù wọn ti dúró tí wọ́n sì wà nínú ewu. Medicare, ètò ìlera ìjọba Amẹ́ríkà fún àwọn àgbàlagbà, sì máa ń sanwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù 24 fún ẹni tí ó bá yẹ. Ní Britain, dókítà ìdílé sábà máa ń kọ́kọ́ lo FRAX, ìṣirò ewu tí Yunifásítì Sheffield gbé jáde ní ọdún 2008, kí ó tó pinnu bóyá kí wọ́n ránni lọ fún DXA.

Bí a bá fẹ́ tún un wọ̀n

Ẹni tí ó ti bẹ̀rẹ̀ oògùn máa fẹ́ mọ̀ bóyá eegun ń le sí i. Níbí, DXA ló lékè, nítorí pé ìtànṣán rẹ̀ kéré, a sì lè tún un ṣe lẹ́yìn ọdún kan sí méjì láìbẹ̀rù. Àdéhùn kan ṣoṣo ló wà: ẹ̀rọ kan náà, ní ibi kan náà. Nọ́ńbà ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ kan kò bá ti ilé iṣẹ́ kejì dọ́gba, ìyàtọ̀ díẹ̀ sì wà kódà láàárín ẹ̀rọ méjì tí ó jọra. Àwọn ìyá tí ń lọ wo ọmọ tuntun fún àwọn ọmọ wọn lókè òkun sábà máa ń ṣe DXA kan ní Houston, kí wọ́n tún ṣe òmíràn ní Èkó lẹ́yìn ọdún kan, kí àwọn ọmọ wá máa bára wọn jiyàn bóyá oògùn ń ṣiṣẹ́. Àríyànjiyàn náà kò lè parí, nítorí pé ìwọ̀n méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. HU tí wọ́n kà nínú CT kò yẹ fún irú ìtẹ̀lé yìí rárá, àyàfi bí ọ̀nà tí wọ́n fi ya àwòrán méjèèjì bá bára mu pátápátá.

Àyẹ̀wò gìgísẹ̀ tí wọ́n ń fi ìró ṣe, tí wọ́n máa ń gbé lọ sí ìpàdé ìlera, kò ní ìtànṣán, ó sì lè fi ẹni tí ó wà nínú ewu hàn, ṣùgbọ́n kò lè fìdí àrùn múlẹ̀, kò sì ṣeé fi tọ ipa oògùn. X-ray lásán kò yẹ fún wíwọ̀n, nítorí pé eegun ti gbọ́dọ̀ pàdánù nǹkan bí ìdá 30 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún kí ojú tó rí i lórí rẹ̀. Ìwúlò rẹ̀ ni láti wo èyí tí ó ti kán.

Èwo ni fún ta

Obìnrin ẹni ọdún 66 tí kò ní àìsàn kankan, tí ẹ̀yìn rẹ̀ nàró, DXA ni kí ó lọ ṣe. Bàbá ẹni ọdún 78 tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, tí ó ti ń lo prednisolone fún ìgbà pípẹ́, tí DXA ẹ̀yìn rẹ̀ sì dára jù bí ó ti yẹ kí ó dára lọ, ó yẹ kí dókítà rẹ̀ ronú QCT, tàbí kí ó wo eegun inú CT tí ó bá ti ṣe rí. Ẹni tí ó ṣe CT nítorí òkúta kíndìnrín lọ́dún tó kọjá kò ní láti ná owó kankan kí ó tó béèrè ti L1 rẹ̀. Ẹni tí ó ṣubú láti orí ìdúró lásán, tí ìbàdí rẹ̀ sì kán, kò gbọ́dọ̀ dúró de ẹ̀rọ kankan: osteoporosis ni kí wọ́n máa tọ́jú, kí wọ́n sì ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún kálíṣíọ́ọ̀mù, fítámì D, kíndìnrín àti àwọn àrùn mìíràn tí ń jẹ eegun, pàápàá jẹjẹrẹ inú mùdùnmúdùn, nítorí pé DXA àti CT lè sọ bí eegun ṣe fẹ́lẹ́ tó, wọn kì í sọ ohun tí ó sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá ń lọ, ohun tí ẹ máa ní kí dókítà kọ sórí ìwé CT kò gùn: kí wọ́n jọ̀wọ́ wọn HU ti L1, kí wọ́n sọ bóyá contrast wà àti kVp tí wọ́n lò, kí wọ́n sì wo gbogbo eegun ẹ̀yìn láti ẹ̀gbẹ́ bóyá ọ̀kan ti rún. Lórí ìwé DXA, kí wọ́n kọ ẹ̀yìn àti ìbàdí méjèèjì, pẹ̀lú orúkọ ẹ̀rọ tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n.